Georgia Gilmore, alásè tí oúnjẹ rẹ̀ gbé ìjà bọ́ọ̀sì Montgomery ró

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi oúnjẹ sísè gbọ́ bùkátà ara mi. Nínú gbogbo obìnrin tí mo ti ka ìtàn wọn nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lákínyẹmí ara tó ti Georgia Gilmore, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó gbé ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni àwọn òpìtàn sábà máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni èmi fẹ́ pè é lónìí, nítorí pé ọgbọ́n òwò ni ó fi ja ìjà náà.

Oṣù Kejì ọdún 1920 ni wọ́n bí i. Ó bí ọmọ mẹ́fà, ó ń gbẹ̀bí, ó sì ń se oúnjẹ ní ilé oúnjẹ kan tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1955, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ náà ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ padà kí ó lọ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ẹ̀yìn, ọkọ̀ ti ṣí, owó rẹ̀ sì bá ọkọ̀ lọ. Ó pinnu lọ́jọ́ náà pé òun kò tún ní wọ bọ́ọ̀sì ìlú yẹn mọ́. Nígbà tí wọ́n mú Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, tí àwọn aláwọ̀ dúdú Montgomery sì pa bọ́ọ̀sì tì láti ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, Georgia ti ń fẹsẹ̀ rìn ṣáájú wọn.

Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi pa bọ́ọ̀sì tì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́, nítorí náà ni àwọn aṣáájú ṣe ṣètò ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ tí yóò sì máa gbé wọn bọ̀. Ọkọ̀ wọ̀nyí ń mu epo lójoojúmọ́, táyà wọn ń jẹ, wọ́n sì ń fẹ́ àtúnṣe. Ta ni yóò san án? Ibí yìí ni alásè ti bọ́ síwájú.

Georgia àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó dọ́là 14 jọ láàárín ara wọn. Wọ́n fi ra adìyẹ, búrẹ́dì àti ewé lẹ́tọ́ọ̀sì. Wọ́n din adìyẹ, wọ́n fi í sáàárín búrẹ́dì, wọ́n sì gbé e lọ tà níbi ìpàdé ńlá tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìjọsìn. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò lè dá ju sẹ́ǹtì 25 tàbí 50 lọ, nítorí pé kò sí lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n sẹ́ǹtì 25 tí a fi ra adìyẹ, tí a din ín, tí a sì tà á, kì í ṣe sẹ́ǹtì 25 mọ́. Ẹni tí ó bá ń ta oúnjẹ mọ̀ pé owó tí a kò bá yí ni ó máa ń tán. Láti orí búrẹ́dì àti adìyẹ, wọ́n bọ́ sí orí oúnjẹ alẹ́ àjẹyó, wọ́n sì ń yan kéèkì àti páì ọ̀dùnkún. Wọ́n ń tà á láti ojúlé dé ojúlé àti ní ilé ìṣerun, títí kan fún àwọn aláwọ̀ funfun tí wọn kò mọ ibi tí owó wọn ń lọ.

Club from Nowhere ni Georgia pe ẹgbẹ́ àwọn alásè náà, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ tí kò ti ibì kankan wá, ó sì ní ìdí. Ilé àwọn aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn alásè náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá wọn bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Georgia nìkan ni ó mọ ẹni tí ó sè àti ẹni tí ó rà. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ibi tí owó ti wá, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: kò ti ibì kankan wá. Èmi gbà pé ẹnu tí ó pa mọ́ yẹn ni olórí ohun ìní rẹ̀ nínú òwò, ju ìkòkò àti ààrò lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1956, wọ́n gbé Martin Luther King, pásítọ̀ tí ó ṣáájú ìjà náà, lọ sí kóòtù nítorí bọ́ọ̀sì tí wọ́n pa tì, Georgia sì jẹ́rìí. Ó ròyìn ohun tí awakọ̀ ṣe fún un, ó sì sọ fún adájọ́ pé bí wọ́n bá ti gba owó tán, wọn kò mọ owó aláwọ̀ dúdú yàtọ̀ sí ti aláwọ̀ funfun. Iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀rí yẹn. Mo máa ń dúró ní ibi yìí nínú ìtàn náà. Èmi fúnra mi ti dákẹ́ rí nígbà tí oníbàárà kan ń bú ọmọ tí ó ń bá mi ṣiṣẹ́ lójú mi, nítorí pé owó ìnáwó rẹ̀ kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ojú ọmọ náà kò kúrò lára mi títí tí a fi palẹ̀ abọ́ mọ́, n kò sì lè gbójú sókè wò ó. Georgia ní ọmọ mẹ́fà tí yóò bọ́, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀.

King ní kí ó kúkú máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, ó sì fún un lówó tí yóò fi ra ohun èlò. Àwọn kan máa ń sọ èyí bí ẹni pé King ni ó dá a sí òwò. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó a máa ra ìkòkò, ṣùgbọ́n kì í ra oníbàárà, Georgia sì ti fi oṣù mélòó kan kó oníbàárà jọ kí ẹnikẹ́ni tó fún un lówó. Ilé rẹ̀ di ilé oúnjẹ. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí yóò ti dìde, nígbà tí ó bá sì di ọ̀sán, yàrá ìjẹun kò ní gba èrò. Àwọn kan á jókòó ti tábìlì, àwọn kan á gbé abọ́ wọn dúró sí ilé ìdáná. Aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ ń jẹun níbẹ̀ nígbà tí òfin ìlú ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. King a máa kó àlejò rẹ̀ wá, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti lè jẹun kí wọ́n sì gbìmọ̀ láìsí etí àjèjì.

Ó tún wà lára àwọn tí ó pe ìlú Montgomery lẹ́jọ́ nítorí ọgbà ìtura tí wọn kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wọ̀, ẹjọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n kò fi ilé ìdáná sílẹ̀ títí ó fi di àgbà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1990, àwọn ènìyàn fẹ́ ṣe ìrántí ọdún 25 tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ rìn láti ìlú Selma dé Montgomery nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò aláwọ̀ dúdú. Georgia, ẹni 70 ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ fún wọn: adìyẹ díndín àti makaróní oníwàràkàṣì. Àárín rẹ̀ ni ikú mú un lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò da oúnjẹ náà nù. Wọ́n bù ú fún àwọn tí ó wá bá wọn kẹ́dùn.