Kéèkì Fanta: Ẹ Kọ́kọ́ Se Mínírà Náà Kí Ó Ki

Lójú àwa ọmọ tí a tọ́ ní Ìbàdàn nígbà tí inú ìgò nìkan ni a ti ń rí mínírà, ọjọ́ ìbí tí kò bá ní kéèkì àti Fanta kò pé. Kéèkì náà kì í ju ègé kékeré kan tí wọ́n fi tíṣù wé, wọn kì í sì í fún ọmọ ní ju ìgò mínírà kan lọ, nítorí náà a máa ń fi ìṣó lu ihò sí ìdérí ìgò, a ó máa fà á mu díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà tètè tán. Bí a bá sì rí i pé àwọn àgbà kò wo ọ̀dọ̀ wa, a ó ṣí ìdérí náà, a ó da díẹ̀ sórí kéèkì títí yóò fi rin gbingbin. Adùn kéèkì tí Fanta ti rin yẹn ni mo ń wá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan kéèkì Fanta ní ilé ara mi.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èrò yìí sọ sí lọ́kàn. Ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti dá Fanta sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nítorí pé èròjà Coca-Cola kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, kéèkì Fanta jẹ́ ohun tí wọ́n ń yan fún ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé. (Fanta àkọ́kọ́ yẹn kò tilẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ọsàn: omi tí ó ṣẹ́kù lára wàrà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe wàràkàṣì, àti ápù tí wọ́n ti fún omi rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìlú Naples ní Ítálì ni Fanta ọlọ́sàn ti jáde ní ọdún 1955.) Ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, 7Up ni wọ́n máa ń lò.

Púpọ̀ nínú àwọn ìlànà wọ̀nyí ni ó ní kí a da mínírà tààrà láti inú ìgò sínú ìyẹ̀fun, ibẹ̀ sì ni èmi kò ti bá wọn lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú atẹ́gùn tí ń hó nínú rẹ̀ ni yóò ti fò lọ nígbà tí a bá ń pò ó, ẹyin àti bọ́tà yóò sì bo ìwọ̀nba adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí a kò bá sọ fún kò ní mọ̀ pé Fanta wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ da 50cl Fanta sínú ìkòkò tí ó fẹ̀, nítorí pé yóò hó ru sókè, kí ẹ sì sè é lórí iná tí kò le jù títí yóò fi ku nǹkan bí 15cl. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lọ síbòmíràn, torí pé bí omi rẹ̀ bá gbẹ jù, ṣúgà inú rẹ̀ yóò jó, yóò sì korò. Mínírà tí kò ní ṣúgà kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò ní ohun tí yóò mú un ki. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ bu ṣíbí méjì sápá kan nínú rẹ̀.

Ẹ lu 130 gíráàmù bọ́tà àti 130 gíráàmù ṣúgà pọ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ sì fi ẹyin mẹ́ta sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà yìí kéré sí ti kéèkì lásán, ṣùgbọ́n ti inú Fanta yóò dí i. Ẹ rin èèpo ọsàn kan sí i, awọ òde rẹ̀ nìkan, torí pé funfun abẹ́ rẹ̀ korò; òórùn ọsàn gidi ni yóò gbé ti Fanta yọ. Ẹ wá jọ 250 gíráàmù ìyẹ̀fun, baking powder ṣíbí tíì méjì, àti baking soda tí kò ju ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ pò wọ́n mọ́ Fanta àti bọ́tà náà, kí ẹ sì tètè gbé e sínú iná, nítorí ásíìdì inú Fanta ti ń bá baking soda ṣiṣẹ́ láti mú kí kéèkì wú.

Nínú ófùn, ìwọ̀n 170 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì ti tó. Ẹni tí kò ní ófùn lè ṣe bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe: kí ó da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, kí ó mú un gbóná dáadáa, kí ó gbé agolo kéèkì lé e, kí ó dé e, kí ó sì kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ìdérí kí òkè náà lè pọ́n. Èmi fẹ́ràn ti inú yanrìn jù, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe gbígbẹ díẹ̀ tí inú rẹ̀ yóò sì rọ̀.

Fanta ṣíbí méjì tí ẹ bù sọ́tọ̀ ni ẹ ó wá dà sórí kéèkì náà nígbà tí ó ṣì gbóná, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi igi ìtayín gún un káàkiri, kí ó lè wọnú rẹ̀ lọ. Omi tútù ni mo máa ń gbé tì í fún àwọn ọmọ, torí pé ṣúgà tí wọ́n jẹ níbẹ̀ ti pọ̀ tó.