Kí wọ́n tó kọ́ wa ní àwọn ọ̀rọ̀ yẹn

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

"Ìwé yẹn dùn gan-an kí wọ́n tó kọ́ wa ní àwọn ọ̀rọ̀ yẹn."

Láti ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà létí mi. Àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọgbọ́n inú ìwé lítíréṣọ̀, bíi "simile", ni "àwọn ọ̀rọ̀ yẹn". Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù fọtokópì kan ní Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ni mo wà, mò ń dúró de ìwé tí mo fẹ́ pín fún àwọn ọmọ lẹ́sìnnì, ọmọbìnrin kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà níwájú mi. Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún kìíní. Mo rí i lára àwọn ìwé tó gbé dání. Kò bínú. Kò tilẹ̀ ráhùn. Ó kàn sọ ọ́ ni, ó san owó rẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bá tiwọn lọ.

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ká ní ó ráhùn ni, ǹ bá ti wá èsì fún un.

Òjò rọ̀ díẹ̀ láàárọ̀. Mo ya Òkè-Àje, mo ra ohun ọbẹ̀. Àwọn ọmọ wá ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn àfi Kọ́lá. Ọjọ́ òní nìyẹn.

Kí wọ́n tó kọ́ wa.

Mo mọ ohun tó ń sọ, torí mo ti rí ìwé àwọn ọmọ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tèmi gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ wá lónìí, bírò pupa ló fi ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ibikíbi tí "like" bá ti yọjú, ó ti fàlà sábẹ́ rẹ̀, ó ti kọ "simile" sétí ìwé. Bí igi tàbí afẹ́fẹ́ bá ṣe bí èèyàn, ó ti kọ "personification". Ó ṣe é tọkàntọkàn, ìlà rẹ̀ gún, ó fi rúlà fà á. Mo ń ṣí i lọ títí mo fi dé ibi tí ìyá kan ti ń sunkún lórí òkú ọmọ rẹ̀, tó ń ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun náà mì. Ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni "hyperbole".

Mo bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ojú ìwé yìí?"

"Hyperbole ni, mà."

"Mo ní, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó tún wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Ọmọ rẹ̀ ló kú, mà."

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àsọrégèé ni lóòótọ́, kò sí ìjà níbẹ̀; ilẹ̀ kì í lanu gbé ọlọ́fọ̀ mì. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kò sọ àsọrégèé. Ohun tó ń ṣe é ló sọ. Bí ọmọ bá rí orúkọ tí kò sì rí ìyá, kí la wá kọ́ ọ? Ọmọbìnrin Fọlágbadé ti sọ òótọ́, mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀ kí n lọ sùn.

Mi ò lè sùn, torí kì í ṣe gbogbo òótọ́ nìyẹn.

Ará Rọ́ṣíà kan wà, Viktor Shklovsky, tó kọ ọ́ ní 1917 pé bárakú ń jẹ nǹkan run: ó ń jẹ iṣẹ́, ó ń jẹ aṣọ, ó ń jẹ àga inú ilé, ó ń jẹ ìyàwó ẹni, títí kan ìbẹ̀rù ogun. Ohun tí ojú bá ti mọ́, ojú kì í rí i mọ́. Ó ní ìdí tí iṣẹ́ ọnà fi wà nìyẹn, kí ohun tó ti sú ojú tún lè di tuntun, kí òkúta tún lè jẹ́ òkúta lójú wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní yunifásítì, mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ tí wọ́n fún èrò náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni defamiliarization, gbogbo ọmọ ọdún kìíní ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣì í. Wọ́n ti há a sórí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá láti fi bá bárakú jà, òun náà ti di bárakú. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn lọ. Àbí ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrọ̀lẹ́.

A ka ibi tí Odewale ti búra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka The Gods Are Not to Blame, eré Ola Rotimi, nílé ẹ̀kọ́ girama ò ní gbàgbé ibẹ̀: àìsàn wọ̀lú, wọ́n ní ẹni tó pa ọba àná ṣì wà láàárín ìlú, ọba tuntun bá fi Ògún búra pé òun á wá a jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á, kò mọ̀. Bàbá rẹ̀ ló pa, kò mọ ìyẹn náà. Ìtàn Oedipus àwọn Gíríkì ni Rotimi gbé wọ aṣọ tiwa, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣeré náà ní 1968. Mo ti la ìtàn náà fún àwọn ọmọ látòkè délẹ̀ kí n tó ṣí ìwé, torí bí àwọn Gíríkì ṣe ń wòran nìyẹn: wọ́n ti mọ òpin rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Èmi ni mò ń kà á sókè. Ìyá Ràṣídà tó ń ta gààrí lábẹ́ fèrèsé wa ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe dé ibi ìbúra báyìí, mo gbọ́ igbe láti ìta: "Yéè! Ara ẹ̀ ló ń ṣépè fún! Tísà, ẹ ní kó dákẹ́!"

Ọmọ kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ìyá Ràṣídà ti dìde lórí àpótí rẹ̀, kóńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, gààrí ń dà nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oníbàárà ń wò ó. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ọba ò gbọ́ wa." Ó mi orí, ó padà jókòó, ó sì tún gààrí oníbàárà wọ̀n.

Ohun tí wọ́n ń pè ní dramatic irony nìyẹn, kò kù síbì kan. Òǹwòran mọ ohun tí ẹni orí ìtàgé kò mọ̀, kò sì lè kìlọ̀ fún un. Nínú ìwé tí wọ́n ń pín fún wọn, ìlà méjì ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀. Ìyá Ràṣídà kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ohun tí orúkọ náà ń sọ ló gbé e dìde lórí àpótí. Ẹni tó bá bi mí léèrè ní wákàtí yẹn, ǹ bá sọ fún un pé kí wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn dànù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Mo kọ orúkọ náà sójú pátákó, wọ́n sì ń wò ó bí wọn ò ṣe wo ọ̀rọ̀ kankan rí, torí wọ́n ti gbọ́ igbe rẹ̀. Mo fi méjì míì kún un, peripeteia àti anagnorisis. Mo ní Aristotle, onímọ̀ Gíríkì ayé àtijọ́, yin eré Oedipus torí pé ohun méjì ló bọ́ sójú kan náà nínú rẹ̀: àsìkò tí ayé yí mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́, àti àsìkò tó mọ ẹni tí òun jẹ́. Ẹ lọ wá a nínú ti Odewale, ibo ló wà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé wọ̀ìwọ̀ì. Àríyànjiyàn dé. Ọ̀kan ní ìparí ni. Bísọ́lá, tí kì í sọ̀rọ̀, ní ìparí kọ́, ó ní láti ìgbà tó ti búra ni ayé ti yí, òun nìkan ni kò tíì gbọ́.

Láti ìgbà tó ti búra. Ìyá Ràṣídà kò lè gbé wa débẹ̀. Igbe rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, àmọ́ orúkọ ló jẹ́ ká lè pín ohun tó wà nínú ilé sí yàrá yàrá, ká mọ èyí tá a wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọbìnrin Fọlágbadé, kì í ṣe pé… Mi ò mọ̀. Ìwé kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí mo kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló tó dùn. Mo fẹ́ kó mọ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un.

(Àwọn ọmọ tún fẹ́ kọ "tragic flaw: anger" sílẹ̀ fún Odewale, pé ìbínú ni àléébù tó pa á run. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Aristotle kò pè é ní ìwà burúkú. Àṣìṣe ló pè é, ẹsẹ̀ tí ènìyàn ṣì gbé.)

I. A. Richards, tó ń kọ́ni ní Cambridge, a máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ewì láìkọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí i, láìkọ ọdún. Ó ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Ohun tí wọ́n kọ ló kó jọ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1929. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ ohun tí ewì tilẹ̀ ń sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó mọ̀wé ni. Ara ohun tó bí close reading nìyẹn, pé kéèyàn jókòó ti ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé gan-an, kó má sá lọ síbòmíì. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn fún èyí. Kì í ṣe pé mo gbà fún un tán.

Ìdí tí mi ò fi gbà tán nìyí. Àwọn tó tẹ̀ lé e lọ sí i jù bẹ́ẹ̀. Wimsatt àti Beardsley, ará Amẹ́ríkà méjì, kọ ọ́ ní 1946 pé ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn kì í ṣe òṣùwọ̀n tá a fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1967, Roland Barthes, ará Faransé, kéde pé òǹkọ̀wé ti kú, òǹkàwé ló kù. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí, ó rọrùn láti rántí. Mo wá ṣí eré Death and the King's Horseman, ti 1975, síwájú wọn. Soyinka, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ níbí, kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i, ó sì kìlọ̀ níbẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má ka eré òun sí ìkọlù àṣà méjì lásán. Bísọ́lá tún ni o: "Mà, tó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé ti kú, ta ló ń kìlọ̀ fún wa?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo fẹ́ kí ìbéèrè yẹn bá a délé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ṣọ́ọ̀bù fọtokópì pátápátá.

Ohun tó wá bí mi nínú nígbà tí wọ́n lọ tán ni ọ̀rọ̀ canon. Wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀: àwọn ìwé tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kà. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ni "wọ́n". Ní 1968, ní yunifásítì Nairobi, Ngũgĩ wa Thiong'o, Taban lo Liyong àti Henry Owuor-Anyumba kọ̀wé pé kí wọ́n pa ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, kí wọ́n fi lítíréṣọ̀ Áfíríkà sáàárín, kí ti àwọn yòókù wá yí i ká. Ìjà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá há a sórí láìgbọ́ ìjà, kí ló há?

Mo ti bínú tán. Ẹ jọ̀ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó le fún wa níbí, tí mo sì gbà pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ kankan, ni mítà, ìlù tó wà nínú ìlà ewì Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á sọ pé ìlà iambic pentameter ní sílébù mẹ́wàá, ìlù márùn-ún, fúyẹ́-wúwo, fúyẹ́-wúwo. Ọmọ á ka ìka rẹ̀, á pé mẹ́wàá, á kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Báwo ló ṣe máa gbọ́ ọ? Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ la fi tọ́ etí tiwa, wúwo àti fúyẹ́ kọ́. Àwọn òyìnbó tó kọ ìwé ìtumọ̀ yẹn gbà pé etí gbogbo ayé jọ tiwọn. Mo ti pa ìka kíkà tì. Tábìlì ni mò ń lù. Mo lù ú, wọ́n lù ú, Ìyá Ràṣídà ti máa ń bi wá bóyá ìyàwó là ń gbé. Lónìí, mo fún wọn ní sónẹ́ẹ̀tì (ewì onílà mẹ́rìnlá) kejìdínlógún Shakespeare lọ sílé, mo ní kí wọ́n má kọ ohunkóhun, kí wọ́n kàn fọwọ́ lù ú títí ilé á fi lé wọn síta.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni Táyọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àbúrò rẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú alẹ́, mà. Ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìlà kẹta ò bá ìlù mu. Ìlà kìíní lọ dáadáa, ìkejì náà lọ, ṣùgbọ́n tí mo bá dé 'Rough winds', ọwọ́ mi fẹ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì léraléra, kò fẹ́ fo èyí àkọ́kọ́. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lù ni?"

Rárá, Táyọ̀. Afẹ́fẹ́ líle ló kọ lu ìlà yẹn, ìlù ò sì lè rìn jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Mo ti ń fi ohùn dá a lóhùn lọ́wọ́. Ní ìparí rẹ̀, mo máa sọ fún un pé spondee ni wọ́n ń pè é.