Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò jíìnì

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á fẹ́ kí oògùn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe àwa náà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún màmá wa ní Lọ́ńdọ̀n, àwọn tí wọn ò fẹnu kan sìgá rí. Ohun tí mo kọ́ ni pé dídúró de èsì àyẹ̀wò jíìnì, ìyẹn àyẹ̀wò jíìnì inú jẹjẹrẹ náà, wà lára ìtọ́jú, bí ara aláìsàn bá ṣì gbà á.

Jẹjẹrẹ yìí pín sí oríṣiríṣi. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ rí i pé àyípadà nínú jíìnì EGFR ló ń ti àwọn kan lára wọn lẹ́yìn. Ti jíìnì ALK tẹ̀ lé e ní 2007. Àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ lára àwọn tí kì í mu sìgá. EGFR ni ti màmá wa, osimertinib, oògùn tó ń dojú kọ àyípadà EGFR, ni wọ́n sì fún wọn, hóró kan lójúmọ́. Nínú ìwádìí FLAURA, ìdajì àwọn tó lò ó ló kọjá oṣù 38 láyé. Fún àwọn tó lo oògùn EGFR tó ṣáájú rẹ̀, nǹkan bí oṣù 32 ni. Kì í wo àìsàn náà tán o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ibi tó ti le rèé: èsì PD-L1, ìyẹn èròjà kan lára jẹjẹrẹ tó lè fi í pa mọ́ fún àwọn ọmọ ogun ara, lè jáde ṣáájú ti jíìnì. Tó bá ga, ó lè máa ṣe dókítà bíi kó fún aláìsàn ní ìmúnotẹ́rápì, ìyẹn oògùn tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí. Ṣùgbọ́n kì í sábà ṣe ẹni tó ní àyípadà EGFR lóore. Tí wọ́n bá wá fún un ní osimertinib kété lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró lè wú débi tó léwu. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé EGFR àti ALK ti jáde?" Kí ẹ sì gba ìwé èsì náà sọ́wọ́. Àfẹnusọ ò tó.

Àbúrò màmá wa pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní ṣé àìsàn ìdílé ni, ṣé kí àwọn ọmọ àwọn náà lọ ṣàyẹ̀wò. Rárá o. Inú jẹjẹrẹ náà ni irú àyípadà yìí ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, wọn ò bí i mọ́ èèyàn. Mo tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi àgbo ránṣẹ́. Inú wọn ò dùn sí mi, àmọ́ ewé wà tó lè mú kí oògùn yìí dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ta ló sì mọ ohun tó wà nínú ìgò?

Ìgbẹ́ gbuuru, awọ gbígbẹ, èékánná tó ń wú létí: wọ́n ṣeé tọ́jú. Ikọ́ tuntun tàbí èémí tó ṣàdédé ń há, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Bó pẹ́ bó yá, jẹjẹrẹ náà lè rí ọ̀nà yẹ oògùn sílẹ̀. Tó bá ti tún ń dàgbà, èsì àkọ́kọ́ ti di ti àtijọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe òmíràn. Tí kò bá ṣeé ṣe láti tún fi abẹ́rẹ́ bù lára ẹran ibẹ̀, wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ò bá fi nǹkan kan hàn, kò túmọ̀ sí pé àyípadà kò sí níbẹ̀.