Fíìmù aránṣọ Under-G: ibi tí iṣẹ́ dé

Ìran ojúde, èyí tó ń kọ mí lóminú jù, mo ti yà á tán. Ohùn ló kù, àti gígé díẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa: obìnrin aránṣọ kan tó ń dá gbé ní Under-G, nítòsí yunifásítì LAUTECH l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ni fíìmù náà dá lé, lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ilé wọn lọ. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ bó ṣe máa ń rí: àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, oníbàárà á wọ́n. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, kò sí orin. Ó jí, ó gbálẹ̀, ó ránṣọ, ó jẹun, ó sùn.

Àwọn kan ti la ọ̀nà yìí ṣáájú. Lọ́dún 1975, nínú fíìmù Jeanne Dielman, olùdarí fíìmù Chantal Akerman fi iṣẹ́jú 201 wo opó kan ní Brussels tó ń bó pòtétò, tó ń fọ abọ́. Kámẹ́rà dúró sójú kan. Nínú Vive L'Amour (1994) ti Tsai Ming-liang, ènìyàn mẹ́ta ń wọ ilé òfìfo kan náà ní Taipei, síbẹ̀ kálukú wà láyè tirẹ̀. Obìnrin ibẹ̀ ló parí fíìmù náà: ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà, ó ń sunkún, a sì ń wò ó títí.

Ibí ni tèmi ti yà. L'Ógbòmọ̀ṣọ́, ta ni yóò gba iwájú aránṣọ kọjá tí kò ní kí i? Bí mo bá lé àwọn tó ń kọjá kúrò lójú ọ̀nà kí àdáwà lè hàn, irọ́ ni mo yà. Mo fi wọ́n sílẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o!” “Ẹ ṣé o, ẹ kú ìrìn.” Ẹni tó kí i ti lọ, ẹ̀rọ kò tíì dún padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí aṣọ. Ibẹ̀ gan-an ni àdáwà wà, ẹni tó bá sì yára gé fíìmù kò ní rí i.

Àǹtí tó ń kó ipa obìnrin náà, aránṣọ ni lóòótọ́. Ó bi mí pé, “Àbúrò, ṣé kí n máa wo ọ̀nà?” Mo ní, “Rárá mà, ìgbà tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.” Ó dúró pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì dára púpọ̀.

Fóònù ni mo fi ń yà á, lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ní fíréèmù (ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan) 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà rẹ̀ ń gbà sójú kan kó má yí ara rẹ̀ padà bí ìkùukùu bá bo oòrùn. Nínú àwòrán tí kò gé, ojú á tètè rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Gíga ojú ẹni tó jókòó ni mo gbé fóònù náà sí.

Lálẹ́, wọ́n mú iná lójijì. Fáànù ń rọra dúró, Àǹtí kò yíjú, ó mú àjákù aṣọ, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Kò sí nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kúrò nínú fíìmù yìí láé.

Iṣẹ́ tó kàn: màá gba ohùn yàrá náà nìkan, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀, kí n lè tẹ́ ẹ sábẹ́ ibi tí mo bá gé. Ọ̀kadà bo ìkíni kan mọ́lẹ̀. Màá lọ bẹ ìyá tó kí i kó tún un sọ fún mi.