Rọ́gíbì league tàbí union: èwo ló yẹ pápá Àkúrẹ́?

Ẹ má pe oríṣi rọ́gíbì méjèèjì yìí ní ohun kan náà mọ́. Huddersfield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti pínyà ní 1895, nítorí owó iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pàdánù bí wọ́n bá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Union kò gba owó láàyè títí di 1995!

Ní league, ẹni tí wọ́n dá dúró á dìde, á fẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Tí wọ́n bá dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kẹfà, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Try, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò, jẹ́ póìntì 4. Ti union jẹ́ 5. Ṣùgbọ́n scrum union, níbi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń fi èjìká ti ara wọn láti gba bọ́ọ̀lù, léwu: bí àwọn mẹ́ta iwájú kò bá mọ èjìká tò, ó lè wó lé wọn lọ́rùn. Fún ọmọ ilé-ìwé lórí pápá tí ọyẹ́ ti gbẹ, league ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn 13 tí league ń lò sì yá kó jọ ju 15 ti union lọ.