Shevchenko mélòó ló wà gan-an?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé nílùú Kyiv, lórílẹ̀-èdè Ukraine, nígbà yẹn ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó wálé fún ọlidé, kógun tó dé níbẹ̀ nìyẹn o, a jókòó sẹ́yìnkùlé lálẹ́, ó ń fi fọ́tò hàn wá lórí fóònù, ló bá kan ilé ńlá pupa kan báyìí, ó ní Yunifásítì Taras Shevchenko nìyẹn. Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ Chelsea paraku fò sókè. "Shevchenko kẹ̀? Wọ́n wá fi agbábọ́ọ̀lù yẹn sọ yunifásítì? Bọ̀dá, pẹ̀lú bó ṣe fojú wa gbolẹ̀ tó yẹn?"

Ẹ̀rín pa wá débi pé ìyá mi yọjú lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, èmi náà ò mọ Shevchenko míì yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí orúkọ yìí díẹ̀díẹ̀, ó sì ti kọjá ibi tí mo rò.

Orúkọ yẹn gan-an, ọmọ aránbàtà ló túmọ̀ sí. "Shvets" ni wọ́n máa ń pe ẹni tó ń ṣe bàtà lédè Ukraine, "enko" tó wà nídìí ẹ̀ ló dà bí "ọmọ" tiwa, àwa ń gbé tiwa síwájú, wọ́n ń gbé tiwọn sẹ́yìn. Tó o bá ti mọ ìyẹn tán, idajì orúkọ ilẹ̀ yẹn ló máa là sí ẹ lójú. Kovalenko, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Honcharenko, ọmọ amọ̀kòkò. Tkachenko, ọmọ ahunṣọ. Kravchenko, ọmọ télọ̀, Kravchuk náà télọ̀ ló wà nídìí ẹ̀, Kravchuk ló sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n gbòmìnira lọ́dún 1991. Bàbá bàbá mi télọ̀ ni l'Óṣogbo, torí náà tó bá jẹ́ pé ọ̀hún ni wọ́n bí wa sí, èmi Kravchenko lẹ bá máa ka búlọ́ọ̀gì ẹ̀ báyìí.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí tiwa rèé o. Tá a bá gbọ́ Àyànwálé àti Àyàntúndé, a mọ̀ pé ìdílé onílù ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tan mọ́ra, tàbí ó kéré tán kí wọ́n jọ ní oríkì kan tó pa wọ́n pọ̀. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí abúlé tí ò ní ṣúméka tiẹ̀, torí pé òtútù ibẹ̀ ò ṣeé fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ọmọ ṣúméka abúlé kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ Shevchenko láyè ara ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi pọ̀ bí eṣú nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì bá ara wọn tan rárá.

Èyí tí wọ́n fi sọ yunifásítì wá ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká jókòó sórí ìtàn ọkùnrin yìí díẹ̀. Ẹrú ni wọ́n bí Taras Shevchenko, lọ́dún 1814, lábúlé Moryntsi. Ẹrú orí ilẹ̀ ni o, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ni ilẹ̀ ló ni àwọn tó ń gbé orí ẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ni màlúù. Kó tó pé ọdún méjìlá, ìyá ẹ̀ ti kú, bàbá ẹ̀ ti kú. Ó wá di ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Engelhardt, ó ń bá a kiri, wọ́n sì jọ dé St. Petersburg tó jẹ́ olú ìlú Rọ́ṣíà nígbà yẹn, àwòrán ni ọmọ yìí sì máa ń yà ní gbogbo ìgbà tí ojú ọ̀gá bá kúrò lára ẹ̀. Nígbà tó yá ọ̀gá náà rí i pé owó wà níbẹ̀, ó ní kó lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn ayàwòrán àtàwọn akéwì ìlú yẹn wá mọ̀ ọ́n, wọ́n ní èyí ò ṣeé fi sílẹ̀ lóko ẹrú. Ọ̀gá ní òun máa gba 2,500 rúbù. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: ayàwòrán ńlá kan, Bryullov, ya àwòrán akéwì Zhukovsky, wọ́n fi àwòrán yẹn ta lọ́tìrì, owó pé, wọ́n sì fi ra Taras sílẹ̀ lọ́dún 1838. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ewì ẹ̀ jáde, Kobzar, lédè Ukraine, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé èdè àwọn àgbẹ̀ ni, pé kí ló fẹ́ fi kọ.

Ẹnu ẹ̀ ló kó bá a. Ó kọ ewì kan tó fi ọba Rọ́ṣíà ṣe yẹ̀yẹ́, ó tún fi olorì wé olú gbígbẹ (ẹ gbà mí, olú gbígbẹ!). Wọ́n mú un lọ́dún 1847 pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ kan tó ń bá ṣèpàdé ní Kyiv, wọ́n sọ ọ́ di sọ́jà kékeré ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ ọba, níbi aṣálẹ̀, ọba fúnra ẹ̀ sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ kọ̀wé, kò gbọdọ̀ yàwòrán. Ọdún mẹ́wàá ló lò. Ó ṣáà ń kọ ọ́. Ó ṣe ìwé pélébé pélébé, ó ń kọ ewì sínú ẹ̀, ó ń tì í bọ inú bàtà gígùn tó wọ̀. Ọmọ aránbàtà, inú bàtà náà ló wá fi nǹkan pa mọ́ sí! Ibi tí mo ti fara mọ́ ọn pátápátá nìyí.

Wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún 1857. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló pàdé Ira Aldridge ní St. Petersburg, tí mi ò sì mọ ìdí tí wọn ò fi ń sọ ìtàn yìí fún wa nílé ìwé. Aláwọ̀ dúdú ni Aldridge, New York ni wọ́n bí i sí, òṣèré ni, Amẹ́ríkà ò fún un láyè ló bá gba Ìlú Ọba lọ, ó ń ṣe Othello kiri ilẹ̀ Yúróòpù, ìlú ń gbóríyìn fún un. Òyìnbó tó ti ṣẹrú rí pàdé aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣì ń fi àwọn èèyàn ẹ̀ ṣẹrú lórílẹ̀-èdè ẹ̀. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, àwọn ọmọbìnrin ilé kan tí wọ́n jọ ń lọ ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn, ohun tójú kálukú ti rí ni wọ́n ń sọ fúnra wọn, tọ́rọ̀ bá tán wọ́n á máa kọrin. Ní December 1858, Shevchenko jókòó ó ya àwòrán Aldridge. Àwòrán yẹn ṣì wà, ẹ wá a lórí Google, ojú ọkùnrin yẹn ò jọ ojú ẹni tí wọ́n kàn yà lásán.

Ó kú ní March 1861, ọjọ́ kejì ọjọ́ ìbí ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n kéde fáráyé pé ìfiniṣẹrú yẹn ti dópin. Ó dùn mí gan-an. Wọ́n gbé òkú ẹ̀ padà sórí òkè kan ní Kaniv, tó kọjú sí odò Dnipro, bó ṣe bẹ̀bẹ̀ nínú ewì ẹ̀. Orí ẹ̀ ló wà lórí owó Ukraine, 100 hryvnia. Lọ́dún 2022, nígbà tí àwọn sọ́jà Rọ́ṣíà kúrò nílùú Borodianka, wọ́n bá ihò ọta ìbọn lórí ère ẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí Andriy Shevchenko, agbábọ́ọ̀lù yẹn, kí àbúrò mi má bàa bínú. Òun náà ò rí i he. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí Chernobyl, ilé iṣẹ́ tó ń fi núkíláà pèsè iná mànàmáná, bú gbàmù lọ́dún 1986, wọ́n ní láti kó kúrò nílé. Lọ́dún 1997 ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé fún Dynamo Kyiv nílé Barcelona, kí wọ́n tó lọ ìsinmi àárín ni o. Òun ló gbá pẹnáritì tó parí ọ̀rọ̀ nígbà tí Milan gba Champions League lọ́dún 2003, òun náà ló tún pàdánù èyí tó kẹ́yìn ní Istanbul lọ́dún 2005, tí Dudek, aṣọ́lé Liverpool, fọwọ́ gbá a dànù. Ballon d'Or 2004, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, tiẹ̀ ni. Ìgbà tí Chelsea wá ná bíi mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn lé e lórí lọ́dún 2006, góòlù mẹ́sàn-án péré ló gbá wọlé ní líìgì, àbúrò mi ò sì tíì dárí jì í dòní. Òun ló wá di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù wọn lọ́dún 2024.

Ti àwọn obìnrin wọn wá pa mí lẹ́rìn-ín. Valentina Shevchenko mẹ́ta ni mo bá pàdé! Ọ̀kan ló jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ tó ga jù nílé aṣòfin wọn ní Kyiv láti 1985 sí 1990, nígbà tí Ukraine ṣì wà lábẹ́ Soviet. Èkejì fi pátákó gígùn sáré lórí yìnyín ní Olympics. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní Bullet, tó ń jà ní UFC, Kyrgyzstan ni wọ́n bí i sí, ó sì tún jẹ́ ọmọ Peru, ẹ má bá a fa wàhálà o.

Ọ̀kan tún wà, Arkady Shevchenko, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá àgbà ni ní United Nations, lọ́dún 1978 ó sá fún àwọn Soviet tó rán an wá sí New York, ó bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà.

Mo wá bi ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp lọ́jọ́sí pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ó ní orúkọ bàbá ni wọ́n máa ń fi tì í, pé ní kíláàsì àwọn, bí olùkọ́ ṣe ń pe èèyàn nìyẹn. Agbábọ́ọ̀lù yẹn, Andriy Mykolayovych, Andriy ọmọ Mykola. Ẹni UN yẹn, Arkady Nikolayevich, ọmọ Nikolai. Mykola àti Nikolai sì rèé, orúkọ kan náà ni, èdè ló yà wọ́n.

Àbúrò mi tó ń yọjú wo fóònù mi látẹ̀yìn kàn pariwo: "Ẹ ò rí i! Bàbá kan náà!"

1930 ni wọ́n bí ọ̀kan, 1976 ni wọ́n bí èkejì. Mo ní kó lọ sùn.