Orogún Ni Wọ́n Kí Wọ́n Tó Di Green Eagles

Bí a bá ń sọ pé bọ́ọ̀lù ló so Nàìjíríà pọ̀, ọdún 1980 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí, nígbà tí Green Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa tí a ń pè ní Super Eagles báyìí, na Algeria ní ayò mẹ́ta sí òdo ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, tí a sì gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tí a kì í sọ tó ni pé inú ìfigagbága agbègbè sí agbègbè ni wọ́n ti ṣa àwọn akọni ọjọ́ náà jọ.

Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí, ọdún náà ni wọ́n sì dá Rangers sílẹ̀ ní Enugu. Lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Igbo, Rangers kì í ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lásán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tún gbórí sókè láàárín àwọn tó ṣẹ́gun wọn. Ìbàdàn náà ní tirẹ̀: ẹgbẹ́ WNDC ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó wá di IICC Shooting Stars, tí ará ìgboro ń pè ní Ṣúùtìn. Mighty Jets ti Jos ló kọ́kọ́ gba líìgì orílẹ̀-èdè ní 1972, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ti àwọn méjèèjì yìí. Rangers gbà á ní 1974 àti 1975, Ṣúùtìn gbà á ní 1976, Rangers sì tún gbà á padà ní 1977.

Ní 1976 kan náà, Ṣúùtìn borí Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ Roger Milla, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù Cameroon, ó sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù (Cup Winners' Cup). Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Rangers pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje náà. Ọ̀mì aláìláyò ni wọ́n ta lẹ́ẹ̀mejèèjì, bẹ́ẹ̀ ni Kaduna ni wọ́n ti gbá èkejì, bí ẹbí méjì tí wọ́n gbé ẹjọ́ wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn. Pẹnárítì ló yanjú rẹ̀, mẹ́rin sí méjì. Rangers borí, wọ́n sì gba ife náà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí Green Eagles na Algeria, Best Ogedegbe ti Ṣúùtìn ló ṣọ́lé, Ṣẹ́gun Odegbami àti Muda Lawal, ọmọ Ṣúùtìn bákan náà, ló gbá ayò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, Christian Chukwu ti Rangers, balógun ẹgbẹ́, ló sì gba ife náà. Lórí rédíò, Ernest Okonkwo, ọmọ Igbo, ló sọ Odegbami ní “Mathematical”, orúkọ tí gbogbo Ìbàdàn sì gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. (Jos ni Odegbami fúnra rẹ̀ dàgbà sí, ẹ má gbàgbé.)

Nítorí náà, n kò gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ pa ẹ̀mí agbègbè kí ìṣọ̀kan tó dé. Líìgì ló ń gbé wọn lọ sí ìlú ara wọn lọ́dọọdún, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ ara wọn. Lónìí, Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ Super Eagles ti ń wá, Arsenal àti Chelsea sì ni ọ̀dọ́ Ìbàdàn ń jà lé lórí. Ṣúùtìn já kúrò ní ìpele gíga ní 2017, kò sì padà títí di 2021. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bi léèrè kò mọ̀ pé ó lọ rárá.